Kí Ló Dé Tí Ẹ Fi Bo Nọ́ńbà Ọkọ̀ Yín?

Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọkọ̀ bá ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ má wo iwájú ọkọ̀, ìdí wọn ni kí ẹ máa wò. Ẹ ó rí jíìpù dúdú tí wọ́n fi awọ rán àpò bo nọ́ńbà rẹ̀, tí wọ́n sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dì í pinpin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ó rí Hilux tí wọ́n fi aṣọ sójà wé tirẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀rá dúdú lásán ni wọ́n so mọ́ ọn. Ẹ ó rí mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gíláàsì dúdú bo nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò fi ṣeé kà bí ènìyàn kò bá tẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ó rí dánfó tí awakọ̀ rẹ̀ ti ká eteetí nọ́ńbà náà kò, àti ọ̀kadà tí ẹrù tí wọ́n dì sẹ́yìn rẹ̀ ti bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí wákàtí kan tó kọjá, ẹ ó ti rẹ̀wẹ̀sì láti máa kà wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni mo bá wí. Ọ̀dà ara nọ́ńbà mìíràn ti ṣí nítorí pé oòrùn àti òjò ti lù ú fún ọdún pípẹ́, ẹni tó ni ín kò sì rówó gba tuntun, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti gbé owó rẹ̀ kúrò ní ₦12,500 lọ sí ₦18,750 ní ọdún 2022. Òmíràn, férémù tí ẹni tó ta ọkọ̀ náà fi polówó ọjà rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, orúkọ ilé ìtajà yẹn ló bo orúkọ ìpínlẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó ra ọkọ̀ kò sì fura. Àwọn kan kọ orúkọ ìjọ wọn tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti jáde sára férémù tiwọn, nítorí inú wọn dùn sí ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ̀bi wọn kò pọ̀. Kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tó jí ní òwúrọ̀, tó rí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, tó sì wá aṣọ bò ó kó tó jáde nílé.

Ó yẹ ká rántí ìdí tí wọ́n fi dá nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀. Ìlú Paris pàṣẹ ní ọjọ́ 14 oṣù Ògún ọdún 1893 pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbé àmì tí wọn yóò fi dá a mọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tiwọn ní 1903, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1904. Láyé ìgbà náà, olówó nìkan ló ń ní ọkọ̀, ẹni tó bá sì ń wà á máa ń fi jígí ńlá bo ojú nítorí eruku. Bó bá gbá ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn ní abúlé kan, kí eruku rẹ̀ tó rọlẹ̀, ó ti wọ abúlé kejì, kò sì sí ẹni tó lè júwe rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí òfin 1903 yẹn ṣe. Ó gba awakọ̀ láàyè láti sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, láti máìlì 14 dé máìlì 20 láàárín wákàtí kan. Nínú òfin kan náà ló ti ní kí olúkúlùkù lọ forúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì gbé nọ́ńbà kọ́ ọ. Àdéhùn ni. Ẹ̀yin fẹ́ sáré, àwa tí à ń fẹsẹ̀ rìn sì fẹ́ mọ̀ yín. Ẹni tó bá gba eré sísá tó sì kọ mímọ̀, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló mú.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, nọ́ńbà tí à ń lò báyìí jáde ní ọdún 2011. Lẹ́tà mẹ́ta, òǹkà mẹ́ta, lẹ́tà méjì ló wà lára rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KJA, Ìkẹjà ni wọ́n ti gbà á; MUS, Mushin; EPE, Ẹ̀pẹ́. Èyí tí a fi àwọ̀ búlúù kọ jẹ́ ti àdáni, pupa jẹ́ ti ọkọ̀ èrò, àwọ̀ ewé jẹ́ ti ìjọba. Ti Èkìtì, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ilẹ̀ iyì àti ìwà òtítọ́ ni ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n bá fi awọ bo nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, wọ́n bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọn.

Ta wá ni à ń bò ó mọ́ lójú? Kì í ṣe ìjọba, nítorí ìwé ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá tó ń kiri búrẹ́dì ní Ìbàfò ni, àti ọmọ tó fẹ́ sọdá títì lọ sí ilé ìwé ní Mówe, àti alágbàṣe tó gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá gbá wọn tó sì sá lọ, kò sí ohun tí wọ́n lè dì mú lára rẹ̀ ju nọ́ńbà yẹn lọ. Wọn kò mọ lọ́yà, wọn kò mọ ọ̀gá ọlọ́pàá, wọn kò ní ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì gómìnà. Lẹ́tà mẹ́ta, òǹkà mẹ́ta, lẹ́tà méjì: gbogbo agbára tí òfin fi lé tálákà lọ́wọ́ lójú títì nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi jẹ́ pé bí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, ohùn àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbọ́ láàárín èrò ni pé, "Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀! Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀!" Ẹni tó mọ̀wé á máa sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, á máa pe lẹ́tà rẹ̀ sókè kó má baà gbàgbé, ẹlòmíràn á fi èédú tàbí ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri.

Nígbà tí wọ́n bá wá dé àgọ́ ọlọ́pàá, ìbéèrè kan náà ni wọn yóò bá níbẹ̀.

"Kí ni nọ́ńbà ọkọ̀ náà?"

"Ọ̀gá, wọ́n fi nǹkan bò ó."

Ọlọ́pàá á gbé báírò sílẹ̀. Kí ló tún fẹ́ kọ? Jíìpù dúdú pọ̀ nílùú ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè wá lójúlé-ójúlé. Ẹjọ́ ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdílé yẹn á sì lọ máa yá owó ilé ìwòsàn kiri, tàbí owó ìsìnkú. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kéde pé ènìyàn 5,421 ló kú sínú jàǹbá ọkọ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2024. Mi ò sọ pé gbogbo wọn jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó bo nọ́ńbà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ní orílẹ̀-èdè tí òkú ti pọ̀ tó báyìí lójú títì, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pèsè ọ̀nà àtisálọ sílẹ̀ kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ ti sọ fún wa bí òun ṣe ka ẹ̀mí ẹlòmíràn sí.

Bí kò bá tiẹ̀ sí òkú, owó wà ńbẹ̀. Òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ní ìwé adójútòfò tí yóò tọ́jú ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe ní jàǹbá. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, ₦15,000 ni wọ́n ń gbà á fún ọkọ̀ àdáni, ilé iṣẹ́ adójútòfò sì lè san owó tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí ohun ìní ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni tó ní fóònù, ì báà jẹ́ èyí tó kéré jù lọ, lè tẹ *565*11#, kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò ó bóyá ìwé náà dájú. Ohun rere ni wọ́n ṣe fún mẹ̀kúnnù yìí, ṣùgbọ́n kò sí bí ìyá tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò ṣe lò ó bí kò bá rí nọ́ńbà kà. Mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni wọ́n fi awọ kékeré yẹn dì pa mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí ẹ bá bi awakọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n bo nọ́ńbà rẹ̀ pé kí ló dé, yóò ní ọ̀gá òun ló ní kí òun bò ó. Bí ẹ bá rí ọ̀gá náà fúnra rẹ̀, ajínigbé ni yóò fi ṣe àwáwí. Mi ò ní fi ìbẹ̀rù yẹn ṣeré, nítorí kò sí agbègbè tí a kò ti gbọ́ ẹkún ẹni tí wọ́n jí gbé lójú ọ̀nà oko tàbí lójú márosẹ̀. Ṣùgbọ́n ajínigbé tó lúgọ sínú igbó kò ní ìwé orúkọ lọ́wọ́ tí yóò fi máa yẹ nọ́ńbà wò. Ọkọ̀ ló ń wò. Jíìpù olówó ńlá tí wọ́n sì tún bo nọ́ńbà rẹ̀ ti kéde fún un pé ẹni tó ṣeé gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ajínigbé náà ní ọkọ̀. Nígbà tí bíbo nọ́ńbà ti di ohun tí ọlọ́pàá ń rí tó sì ń yà fún, òun náà á bo tirẹ̀, wọn yóò ṣí ọ̀nà fún un, ẹni tó jí gbé á sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn nínú ọkọ̀. Àwọn tí wọ́n ní àwọn ń sá fún ajínigbé ló kọ́ gbogbo ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà pé kí wọ́n má béèrè.

Ìdí tí wọn kì í fẹ́ fẹnu ara wọn sọ ni pé bíbò náà ń gbé wọn ga. Ẹ wo inú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí fìlà sójà tàbí ti ọlọ́pàá tí wọ́n tẹ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó lè jẹ́ pé àna ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà ló ni fìlà, tàbí ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà SPY tí wọ́n ṣe fún ọlọ́pàá, tí àwọn tí kì í ṣe ọlọ́pàá wá ń wá lójú méjèèjì, títí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá fi pàṣẹ ní oṣù Ọ̀wàrà 2022 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó mọ́. Àwọn tó ń lò ó ń fi rú òfin ìrìnnà bó ṣe wù wọ́n. Fìlà, SPY, awọ dúdú, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún wa: ẹ má bi mí.

Ó yẹ ká fi èyí wé ti ibòmíràn, nítorí kò sí ìlú tí kò ní oníwàkuwà lójú pópó. Ní London, láti ọjọ́ 29 oṣù Ògún 2023, gbogbo àdúgbò ìlú náà ni ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ ti ń san £12.50 lójúmọ́, kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ló sì ń ṣọ́ wọn. Ní New York, láti ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, ẹni tó bá wa ọkọ̀ wọ àárín gbùngbùn Manhattan ní ojú ọ̀sán ń san $9. Àwọn kan níbẹ̀ ń sá fún owó yìí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn yóò ra ike tó mọ́ gaara, tí ojú ènìyàn ń rí kọjá ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà kò lè kà. Àwọn mìíràn lẹ ewé àtọwọ́dá kan mọ́ ọn kó lè jọ pé atẹ́gùn ló gbé e síbẹ̀. Ìwà burúkú ni, òfin sì ń lépa wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtanràn nọ́ńbà tí kò bófin mu lè tó £1,000. Síbẹ̀, ojú ṣì ń ti ẹni tó ń ṣe é. Ó mọ̀ pé bí aládùúgbò òun bá rí i, òun yóò di ẹni ẹ̀tẹ́, ó sì ń sapá láti bo bíbò náà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ tí wọ́n rán dáadáa la fi ń bo tiwa, à ń nù ún kó dán, à ń gbé e lọ sóde ìgbéyàwó, wọ́n sì ń ṣí géètì fún un kíákíá ju èyí tó gbé nọ́ńbà rẹ̀ síta lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdíbàjẹ́ náà wà fún mi. Olè ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn baba wa náà sì jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí olè fi ń fara pa mọ́ kò fìgbà kan di aṣọ oyè lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ wa kan wà ní Peckham ní London tí kò jẹ́ jẹ́ kí eruku bo nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, tó ń san gbogbo owó tí ìjọba ibẹ̀ bá dá lé e. Ó dé Èkó ní oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n fi ọkọ̀ tí wọ́n bo nọ́ńbà rẹ̀ wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ó sì jókòó sí ọwọ́ ẹ̀yìn láìbéèrè. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa ló burú. Ohun tí a ń yẹ́ sí ló ti yí padà.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa sọ pé bíbo ojú kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Yorùbá, pé ṣebí egúngún ń bo tirẹ̀. Wọn kò mọ egúngún ni. Ẹni tó wọ ẹ̀kú ní èèwọ̀ ju ẹni tí kò wọ̀ ọ́ lọ. Kì í dá jáde; atọ́kùn wà níwájú rẹ̀ tó ń darí rẹ̀, tó ń fà á sẹ́yìn bó bá fẹ́ kọjá ààyè. Gbogbo ìlú ló mọ agbo ilé tó ti jáde, wọ́n mọ oríkì rẹ̀, wọ́n mọ ọdún tí ẹ̀kú náà ti wà. Bó bá na ọmọ ọlọ́mọ ní ìnàkúnà, ilé yẹn ni wọn yóò gbà lọ, àgbà ilé ni yóò sì jáde wá bẹ̀bẹ̀. Bí egúngún ẹni bá jóore, orí a máa yá ni; bó bá ṣe ìṣekúṣe, ojú á ti gbogbo ilé. Ojú nìkan ni ẹ̀kú ń bò. Ilé tí ẹni náà ti wá wà níta gbangba. Jíìpù tí wọ́n bo nọ́ńbà rẹ̀ kò ní atọ́kùn, kò sì sí agbo ilé tí a lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọmọ bá ń lọ sí àjò láyé àtijọ́, ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún un ní ẹnu ọ̀nà ni pé kó rántí ọmọ ẹni tó ń ṣe. Orúkọ ilé rẹ̀ ń bá a lọ, òun ló sì ń mú un dúró nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Lónìí, ẹ dá ọkọ̀ oníbòjú dúró, ẹ ní kó ṣí nọ́ńbà rẹ̀, ohùn tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ láti inú rẹ̀ ni, "Ṣé o mọ ẹni tí èmi jẹ́?" Ó fẹ́ kí a mọ òun nígbà tó bá kan ṣíṣí ọ̀nà fún òun. Nígbà tó bá kan dídáhùn fún ohun tí òun ṣe, ó fẹ́ kí a má mọ òun rárá. Orúkọ kan náà ló ń lò tó sì ń fi pa mọ́. Mi ò rò pé ohun kan wà tó ju èyí lọ tó fi hàn bí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ti rí lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó fi kọ́ wa.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì ń wò wọ́n. Awakọ̀ dánfó tó ká nọ́ńbà rẹ̀ kò nítorí kámẹ́rà, ojú títì ló ti kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ oníbòjú gbé lọ sílé ìwé ti mọ̀ kó tó mọ ìsọdipúpọ̀ pé baba òun kì í ṣe ẹni tí a ń bi léèrè. Olùkọ́ á wá máa kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìwà títí ẹnu yóò fi kan án.

A ti ní àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1977, nígbà tí òkú pọ̀ jù lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, Wole Soyinka tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, àwọn tí ará ìlú ń pè ní Májàmájà. Láti inú ìrírí yẹn ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti gbogbo Nàìjíríà ti jáde ní 1988, Soyinka sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní oṣù Agẹmọ 2012, Gómìnà Babatunde Fashola fúnra rẹ̀ dá ọ̀gá sójà kan dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT ní Èkó, tó sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ta gbogbo ìlú jí, nítorí pé wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe.

₦3,000 ni ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ nínú ìwé Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ẹni tó ń gun jíìpù kò ní mọ̀ pé òun san nǹkan kan. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìtanràn kọ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Gómìnà mẹ́fà ló wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wa, láti Èkó dé Èkìtì. Kí olúkúlùkù wọn jáde síta ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kó yí gbogbo ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé e ká, kó sì ní kí wọ́n tú gbogbo awọ, aṣọ àti ọ̀rá tó wà lára nọ́ńbà wọn níṣojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó kan kọmíṣọ́nnà, kó kan alága káńsù, kó kan àwọn aṣòfin àti ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn. Abẹ kan ti tó fún iṣẹ́ náà, kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀, kò sì nílò kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jókòó lé e lórí. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe èyí tán, òṣìṣẹ́ LASTMA, àjọ tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ ní Èkó, yóò lè dá awakọ̀ dánfó dúró ní Òṣòdì lórí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, láìjẹ́ pé awakọ̀ náà na ìka sí jíìpù ìjọba tó ń kọjá lọ kó tó dá a lóhùn.